Ọkùnrin Tó Pe Ọmọ Ọwọ́ ní Ìyá Rẹ̀

Sí Kalluk, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tí mo bí,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ kú òtútù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbọ́ pé òtútù Ottawa kò lè gba ẹja lọ́wọ́ ìdin. Kí yìnyín má ṣe là lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Kí ẹran má ṣe wọ́n nínú ìkòkò yín. Kí Ọlọ́run tí àlùfáà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ ilé tí ẹ ń gbé yàtọ̀, nítorí wọ́n ní gbogbo ilé ibẹ̀ ló jọra wọn. Bí ẹ bá ń bèèrè àlàáfíà mi, mo ń mí.

Miali, àbúrò ìyá rẹ, ló ń kọ lẹ́tà yìí. Èmi ń sọ, òun ń kọ. A kò tíì lọ jìnnà tó ti ń bá mi jà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ “ọmọ mi” nìkan, pé bí àwọn ará gúúsù tí o ń bá gbé bá rí i pé bàbá ń pe ọmọbìnrin rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n, wọ́n á ní arúgbó yìí ti ń ṣarán. Mo ní kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ọjọ́ tí a bí ọ ni a fún ọ ní orúkọ ẹ̀gbọ́n mi Kalluk tí òkun gbé lọ, ọjọ́ yẹn ló padà wálé, ọjọ́ yẹn sì ni mo ti ń pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí o ṣì ń rákò, ìwọ ni mo máa ń fi ojú ẹja fún kí èmi tó jẹun, nítorí àgbà ló ń kọ́kọ́ jẹ. Mo ti kí ẹ̀gbọ́n mi tán báyìí. Ọmọ mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ọmọ mi ló sì ní ẹjọ́ láti jẹ́.

Àwòrán ọmọ tuntun tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù Miali ti dé. Ọkọ̀ òfuurufú kankan kò balẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìjì ń jà, nítorí náà mi ò mọ ohun tó gbé e wá. Mo rí i pé ọmọ náà kò dé fìlà, fóònù náà sì tutù bí òkúta, mo bá gbé e sún mọ́ sítóòfù kí ara rẹ̀ lè móoru. Miali já a gbà lọ́wọ́ mi, ó ní ṣé mo fẹ́ se fóònù òun jẹ ni. Ajá pupa ti bímọ. Ẹyẹ ìwò jí ẹja tí mo sá sórí òrùlé, ó sì dúró sórí òpó iná tó ń bú mi. Òkun pẹ́ kó tó dì lọ́dún yìí. Ìyẹn ni ti ilé.

Ìròyìn tó mú kí n ní kí Miali mú bírò nìyí: fíìmù wa ti jáde. Ṣé o rántí àwọn ará wa láti ìlú Iqaluit tó wá yá ajá mi lọ́jọ́sí? Wọ́n ní kí ajá sáré, kó dúró, kó padà, kó tún sáré ibì kan náà, títí ajá fi ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Wọ́n ti parí rẹ̀, wọ́n gbé e wá fún wa. Wọ́n ta aṣọ funfun ńlá mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo abúlé sì wá, títí kan àwọn ará gúúsù tó ń bá wa gbé: nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá, àti ọ̀gá ilé ìtajà tí a ń pè ní Irùngbọ̀n.

O mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn fíìmù. Ìyá rẹ ló máa ń fà mí lọ. A kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, òun á wá máa sọ ọ́ sí mi létí: eléyìí ní bàtà ń fún òun, tọ̀hún ní ta ló jẹ ẹran òun, obìnrin yẹn ní òun kò lè fẹ́ ọkùnrin tí kò mọ ajá dà. Mo gbà á gbọ́ fún ọdún pípẹ́. Ìgbà tí ẹ̀yin ọmọ kọ́ èdè náà ni mo tó gbọ́ pé kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, pé orí owó ni gbogbo wọn ti ń pariwo. Ti ìyá rẹ dára jù ú lọ. Láti ìgbà tó ti lọ, mi ò fẹsẹ̀ tẹ gbọ̀ngàn yẹn mọ́. Miali ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní arúgbó olóríkunkun, ajá rẹ wà nínú rẹ̀, ṣé o ò ní lọ wo ajá rẹ ni? Mo lọ nítorí ajá.

Ọkùnrin inú fíìmù náà ń jẹ́ Arluk. Bó ṣe la ẹnu, mo di ìjókòó mú. Ọ̀rọ̀ wa ni. Kì í ṣe bí àlùfáà ṣe ń sọ ọ́, tó dà bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ wa gan-an, bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹni tó ti òkun dé, tí èémí ń rú lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìgbà ni mo rò pé ẹ̀rọ náà kò gbọ́ ju èdè kan ṣoṣo lọ.

Wọ́n bi Arluk pé níbo ló ń lọ. Kò ní òun ń lọ pa ẹran o. Ó ní bóyá òun á rìn dé etí yìnyín, bóyá nǹkan kan á yọrí níbẹ̀. Inú mi dùn débi tí mo fi pàtẹ́wọ́, àwọn ènìyàn yíjú wò mí. Ṣebí bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ẹran ń gbọ́. Bí ènìyàn bá ní òun á pa á lọ́la, ẹran á ní ta ló ń bá sọ̀rọ̀, á sì gba ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá ń fi “bóyá” sọ̀rọ̀ láti kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa rìn: yóò fi igi yẹ yìnyín wò kó tó tẹ̀ ẹ́. Nínú fíìmù àwọn ará gúúsù, gbogbo wọn ló ń ní màá ṣe báyìí, màá pa á, màá gbà á, bí ẹni tó ti ká ọ̀la sínú àpò. Ìwọ náà, lórí fóònù, o ní o máa wálé nínú oṣù Keje. Ẹ̀rù bà mí. Ta ló sọ fún ọ pé oṣù Keje ń bọ̀?

Nísàlẹ̀ aṣọ funfun náà, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan ń yọ, wọ́n ń parẹ́, bí ipa ẹsẹ̀ àparò lórí òjò dídì. Mo rò pé ẹ̀rọ ń bàjẹ́ ni. Miali ní lẹ́tà ni, ó ní àwọn tí kò gbọ́ èdè wa ni wọ́n kọ ọ́ fún. Mo yíjú wo Irùngbọ̀n. Kalluk, ojú ọkùnrin náà ń sáré tẹ̀lé ẹsẹ̀ àparò láti òsì dé ọ̀tún, ó padà, ó tún sáré, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, àwa là ń sáré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn, ní ilé ìwòsàn, ní ilé ìtajà, lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Wàyí o, ọkùnrin tó ń sọ fún wa iye tí ṣúgà ń jẹ́ ló ń mí gúlegúle lẹ́yìn ẹnu ọmọ wa. Ajá mi kọjá lójú aṣọ náà. Miali gún mi níhà. Mi ò rí i.

Ọ̀rọ̀ fíìmù náà nìyí. Nígbà tí Arluk wà lọ́mọdé, ìyàn mú. Aládùúgbò wọn kan, Makpa, ní ẹran, ó sì gbé e pamọ́ sábẹ́ òkúta, kò pín in. Ebi pa ìyá Arluk kú. O mọ̀ pé kò sí ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Ọmọ náà dàgbà, ọkàn rẹ̀ sì gan bí awọ ẹran tí ẹnikẹ́ni kò fi eyín jẹ kó lè rọ̀. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í bá ènìyàn jẹun pọ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni kí n tó mọ irú ẹni tó jẹ́. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń wo ojú mi lára ọmọkùnrin ẹlòmíràn.

Ó wá gbọ́ ibi tí Makpa pàgọ́ sí. Ó mú ọ̀kọ̀ rẹ̀. Nígbà tó ń sún mọ́ àgọ́ náà, mo rí i pé afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn rẹ̀ lọ bá àwọn ajá, mo bá kígbe pé gba ẹ̀yìn, gba ẹ̀yìn, ìwọ òmùgọ̀! Kò gbọ́. Miali fi ọwọ́ bo ojú, ó ní kò lè gbọ́, ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Mo ní bí òun kò bá lè gbọ́ wa, báwo làwa ṣe ń gbọ́ ọ? Ó ní kí n ṣáà dákẹ́.

Ó dé ẹnu àgọ́. Ó gbé ọ̀kọ̀ sókè. Ọmọ kan rákò jáde, kò ju ẹni tó ń hu eyín lọ. Ìyàwó Makpa pe ọmọ náà láti inú àgọ́ pé kó padà wá, orúkọ tó sì fi pè é ni orúkọ ìyá Arluk, ìyá tí ebi pa. Wọ́n ti fún ọmọ náà ní orúkọ rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ń jẹ ìpápánu pàápàá dá ẹnu dúró. Ọmọ náà di bàtà Arluk mú, ó ń fà á kó lè dìde. Arluk wò ó, ó wò ó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní: Ìyá mi, ṣé ẹ ti jẹun?

Kalluk, ó parí síbẹ̀. Ọ̀kọ̀ yẹn kò lè ṣe ohunkóhun mọ́. Makpa jáde, ojú rẹ̀ funfun bí ọ̀rá, ó mọ̀ pé ikú òun ló dé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bí ìyá ẹni, kí là ń pè é? Arluk gbójú sókè wo ọ̀tá rẹ̀, ó ní, Bàbá àgbà. Ó fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó jókòó, Makpa sì gé ẹran fún un. Kì í ṣe pé Arluk ti dárí jì í kó tó la ẹnu o. Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ọkàn ló wá ń tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn. Mo ti fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jẹun, mo ti fi wọ́n sùn, mo ti fi wọ́n bú ajá láti kékeré mi, mi ò rí i kí ọ̀kan nínú wọn dìde dúró báyẹn rí. Ara mi gbọ̀n. Èmi, Iyaituk, tí béárì funfun lé tí mi ò gbọ̀n.

Ibẹ̀ ni Irùngbọ̀n ti rẹ́rìn-ín. Ó sọ nǹkan kan fún nọ́ọ̀sì, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè. Mo ní kí Miali túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ó ń bèèrè pé kí ló bà á lẹ́rù, pé ọkùnrin yìí rin gbogbo ọ̀nà yẹn, ó rí ọmọ ọwọ́, ó wá di ojo. Mo ní kí ni ẹsẹ̀ àparò wí níbẹ̀? Miali ní wọ́n kọ ọ́ pé, “Ọmọ kékeré, ṣé ebi ń pa ọ́?”

Mo dìde, mo ní kí wọ́n dá a dúró. Àwọn ọmọdé kígbe lé mi lórí pé ẹ jókòó, Bàbá, orí yín bo fíìmù. Mi ò jókòó. Ruti, obìnrin Iqaluit tó ṣe fíìmù náà, sáré wá. Mo ní, Ruti, ìyá ni Arluk rí, kí ló dé tí ẹ kọ ọmọ sí i lábẹ́? Ojú tì í. Ó ní òun mọ̀, ó ní òun bá àwọn tó kọ lẹ́tà náà jiyàn títí, wọ́n ní àwọn ará gúúsù kò ní lóye bí àgbàlagbà bá pe ọmọ ọwọ́ ní ìyá. Mo ní wo Irùngbọ̀n, ṣé ó jọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yé báyìí? Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín nítorí pé ó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ó bèèrè ohun tí a ń sọ. Miali wá ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ọmọ náà ni ìyá ọkùnrin yẹn, pé ó padà wá. Irùngbọ̀n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo aṣọ funfun náà, níbi tí wọ́n dá ojú Arluk dúró sí. Ó ní ìyá òun kú lẹ́yìn Kérésìmesì, òun kò tilẹ̀ rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀ lọ sí ìsìnkú rẹ̀. Miali bi í pé ta ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí. Ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ. Ó ní ó kú ni, ó parí.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹni tó ga tó báyẹn, tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìtajà, ìyá rẹ̀ sì parí. Mo wá jókòó wàyí, nítorí mo rí i pé ẹsẹ̀ mi ti wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú tirẹ̀.

Miali ní Kíńbálì lo sọ ọmọ rẹ. Mo bi nọ́ọ̀sì pé ta ló kú tó ń jẹ́ Kíńbálì. Ó ní kò sẹ́ni tó kú, ó kàn dùn létí ni. Orúkọ tí kò ní òkú kankan nínú! Ó dà bí àwọn ilé tí ìjọba ń kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú, tí ẹnikẹ́ni kò tíì se tíì nínú wọn. Kò burú. Kó máa jẹ́ ẹ lọ́dọ̀ ìjọba. Mo gbọ́ pé o ní ìwé rẹ̀ ti lọ, kò ṣeé yí mọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìjọba gbẹ́ nọ́ńbà sára nǹkan róbótó bí bọ́tìnnì, wọ́n so ó mọ́ mi lọ́rùn, wọ́n ní èmi nìyẹn. Ìyá mi kò fi nọ́ńbà yẹn pè mí wọlé jẹun rí. Àlùfáà tún fi orúkọ tirẹ̀ lé e. Ara mi gba gbogbo rẹ̀. Ènìyàn kì í kún bí àpò.

Ohun kan wà tí Miali kò fẹ́ sọ, mo ní kó sọ ọ́. Ó ní ẹ̀rù mi ló bà ọ́ tí o fi fún ọmọ ní orúkọ tí kò ní òkú nínú. O ní láti ọjọ́ tí ọkọ̀ òfuurufú ti gbé ìyá rẹ padà wá nínú pósí, ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ níwájú mi, ńṣe ni mo máa ń dìde jáde. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń jáde. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹ ó dárúkọ rẹ̀, ojú mi á lọ sẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wá jókòó tì í kí n wò ó.

Ṣùgbọ́n ní gbọ̀ngàn yẹn, mo rí ọkùnrin kan tó gbọ́ orúkọ, tó wo ẹnu ọ̀nà, tí ẹnìkan sì jáde wá.

Nítorí náà, fún ọmọ náà ní Ulayu. Fún un ní orúkọ ìyá rẹ. Mo ti sọ ọ́, mo sì jókòó, mi ò jáde.

Miali ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní òun kò sunkún, èéfín sítóòfù ni. Sítóòfù yìí kì í rú èéfín. Ó ní láti ìgbà tí Ulayu ti lọ, òun kò ní ẹni tó ń rán òun níṣẹ́, tó ń pe òun ní ọ̀lẹ, gbogbo ènìyàn ló ń pe òun ní àgbà, ó sì ti sú òun. Ó ní òun fẹ́ ní ẹ̀gbọ́n. Mo ní gbé bírò, ọ̀lẹ.

Mo ti rò ó dé ìdí rẹ̀. Bí ọmọ rẹ bá ti ń jẹ́ Ulayu, ó di aya mi, ìwọ sì di ìyá ìyàwó mi. Mi ò sì ní lè gbójú sókè bá ọ wí mọ́, ìyẹn kò yẹ àna. Jẹ́ kí n yára bá ọ wí tán lónìí: o rù jù nínú àwòrán yẹn. Fi fìlà dé ọmọ lórí. Yé fi ẹnu pe oṣù tí o kò tíì rí. Bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní èdè wa, kódà bí ó bá ń sùn, torí pé bí kò bá mọ̀ ọ́n, mo lè pè é ní aya mi títí ọ̀fun mi á fi gbẹ, ariwo lásán ni yóò gbọ́, bíi ti Irùngbọ̀n. Mo ti bá ọ wí tán. Ọkọ rẹ, tó dà bí ènìyàn rere tí kò tíì jẹ ẹran tútù rí, á di bàbá ìyàwó mi. Sọ fún un kó má bẹ̀rù. Èmi ni yóò máa fi ibi tó dára jù lára ẹran òkun ránṣẹ́ sí i, bí ọkọ ọmọ rẹ̀.

Nípa ti owó. Ike pẹlẹbẹ tí o fi ránṣẹ́, tí o ní owó wà nínú rẹ̀, mo dúpẹ́. Mo ti mì í, kò dún. Ó dára gan-an fún híha yìnyín ojú fèrèsé, gbogbo àwọn àgbà ló ti wá yá a, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan ti kán. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi owó bébà ránṣẹ́, èyí tó ní ojú ènìyàn. Epo alùpùpù orí yìnyín ti tán, ọta ìbọn kù díẹ̀, tíì ti di omi gbígbóná lásán. Bí ó bá sì ṣẹ́kù, bóyá ọkọ̀ òfuurufú kan wà tó lè gbé arúgbó dé Ottawa. Bóyá.

Kí ọmú rẹ má gbẹ. Kí ọmọ náà rí ọ̀nà nínú ìjì. Kí ilé rẹ má ṣe dákẹ́ bí tèmi.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fún un lórúkọ, ẹ gbé fóònù sí i létí, Miali á gbé tibí sí mi lẹ́nu. Mi ò ní pẹ́. Mo kàn fẹ́ sọ fún un pé ọ̀bẹ rẹ̀ ṣì wà lára ògiri níbi tó gbé e kọ́ sí, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gé nǹkan kan, ẹran tí mo sì ń fi ọ̀bẹ ara mi gé, kò ṣeé wò. Kó má kánjú. Kó hu eyín ná.

Mo wá tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ yín.

Èmi Iyaituk, àna yín, bí ẹ bá gbà.